Nígbà Tí Ojú Mi Kò Là: Bí Mo Ṣe Ń Kọ́ Ìtẹ́lọ́rùn Nínú Ìfẹ́ Ọlọ́run

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bẹ Ọlọ́run fún ohun kan tipẹ́, tí ohun náà kò tíì tẹ̀ yín lọ́wọ́, tí ẹ wá ń dá ara yín lẹ́bi pé bóyá ìgbàgbọ́ yín ni kò kún tó, ẹ̀yin ni mò ń kọ èyí sí. Tèmi jẹ mọ́ ojú. Tiyín lè jẹ́ ọmọ, ó lè jẹ́ ìgbéyàwó, ó lè jẹ́ ẹni tí ẹ sin láìpẹ́. Ojú tó ń lọ dùn mí gan-an, àmọ́ ohun tó fẹ́ẹ̀ pa ìgbàgbọ́ mi ni èrò tí mo ní nípa Ọlọ́run lásìkò náà, mi ò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn pẹ́ níbi tí mo pẹ́ sí.

Aránṣọ ni mí. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ojú ló ń ránṣọ, ọwọ́ kàn ń tẹ̀ lé e ni. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ ohunkóhun fún mi, ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti ń fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn, tí mò ń kọsẹ̀ lára àga tó wà níbi tó ti máa ń wà. Bí èèyàn bá gba ẹ̀gbẹ́ òsì yọ sí mi, àyà mi á já. Mi ò ka gbogbo ìyẹn sí, torí mo ṣì ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìlo gíláàsì, mo sì ń ka lẹ́tà wínníwínní inú Bíbélì mi. Ta ló máa rò pé ojú tó ń ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ń ṣàìsàn? Bí àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma, èyí tó mú mi, ṣe máa ń ṣe nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Láti ẹ̀gbẹ́ ló ti ń jẹ ojú bọ̀, àárín ló máa ń kù kẹ́yìn, kì í sì í sábà dunni.

Ọkọ mi ló fẹ́ pààrọ̀ gíláàsì rẹ̀ tí mo bá a lọ. Nọ́ọ̀sì ní kí èmi náà jókòó, kí wọ́n yẹ ojú mi wò níwọ̀n ìgbà tí mo ti wà níbẹ̀. Ìfúnpá inú ojú, ìyẹn agbára tí omi inú ojú fi ń tì í láti inú, sábà máa ń wà láàárín 10 sí 21. Tèmi ti lé ní 30. Wọ́n gbé mi lọ sídìí ẹ̀rọ mìíràn. Wọ́n dí ojú kan, wọ́n ní kí n gbé àgbọ̀n lé ibi kan lára ẹ̀rọ náà, kí n tẹjú mọ́ iná kékeré tó wà láàárín, kí n má ṣe gbé ojú kúrò níbẹ̀. Iná mìíràn á máa tàn lókè, nísàlẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́. Bí mo bá ti rí i, kí n tẹ bọ́tìnnì tó wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tó kan ojú òsì, mo jókòó títí. Mò ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ náà bó ṣe ń yí láti ibì kan sí ibòmíràn, àtàǹpàkò mi wà lórí bọ́tìnnì, mi ò rí nǹkan kan tí màá torí rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Mo bi obìnrin tó ń ṣe é pé ṣé a ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "A ti fẹ́ẹ̀ parí, mà."

Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún mi. Ó ní, "Màmá, èyí tó ti lọ kò ní padà. Iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ, tó bá ti kú, kì í jí mọ́. Oògùn tí a máa fún yín, èyí tó kù ló máa bá yín dáàbò bò." Ó tún ní kí àwọn tí a jọ jẹ́ ọmọ ìyá àti àwọn ọmọ mi náà wá yẹ ojú wò, torí àrùn náà máa ń rìn nínú ẹbí, àwa èèyàn dúdú sì wà lára àwọn tó máa ń tètè mú, tó sì máa ń mú gidi. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́. Ohun tí mo gbé délé nínú rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: kò ní padà.

Mo kọ̀ láti gba gbólóhùn náà. Lójú mi nígbà yẹn, kí èèyàn gbà á ni àìnígbàgbọ́. Mo di ìtàn Bátíméù afọ́jú mú. Ọkùnrin yẹn kígbe, wọ́n ní kó dákẹ́, ó tún kígbe kíkan sí i, Jésù dúró, ojú rẹ̀ sì là. Mo gbààwẹ̀, mo ṣàìsùn, mo bá ẹgbẹ́ aládùúrà jí. Mi ò kábàámọ̀ àdúrà kankan tí mo gbà níbẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn àdúrà náà ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Ní àràárọ̀, kí n tó kí Ọlọ́run, màá fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún, màá sì fi ojú òsì wo kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri yàrá wa. Bí mo bá rò pé ó mọ́ díẹ̀ sí i, màá kọrin. Bí ó bá rí bó ṣe rí lánàá, ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Kàlẹ́ńdà ló ń sọ fún mi bóyá Ọlọ́run fẹ́ràn mi. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ohun tí mò ń ṣe nìyẹn.

Lásìkò náà ni màmá kan tí a jọ ń jọ́sìn, tó fẹ́ràn mi dénú, pè mí sẹ́yìn lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ronú dáadáa. Ǹjẹ́ kò sí nǹkan tí o ṣe? Ǹjẹ́ kò sí nǹkan tí àwọn òbí rẹ ṣe?" Mi ò lè dáhùn. Mo dé ilé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìgbésí ayé mi wò láti ìgbà èwe, mo ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ti jẹ́wọ́, mo ń jẹ́wọ́ èyí tí mi ò dá. Bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè yẹn gan-an wà nínú Jòhánù orí 9. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ló bi Jésù nípa ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú: ta ló ṣẹ̀, òun ni tàbí àwọn òbí rẹ̀? Jésù ní kì í ṣe òun, kì í sì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. Kí Jésù tó fọwọ́ kan ojú ọkùnrin náà rárá, ó ti kọ́kọ́ gbé ẹ̀sùn yẹn kúrò lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ kí aláìsàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka orí yẹn kí ẹ tó jáde nílé.

Ọ̀rọ̀ oògùn ló wá kàn, èmi kò sì lè fò ó, nítorí ibẹ̀ ni mo ti pàdánù èyí tó pọ̀ jù. Oògùn tí à ń kán sójú ni wọ́n fún mi, lójoojúmọ́, títí ayé. Nínú àwùjọ àdúrà wa, àwọn kan máa ń sọ pé ẹni tó ń gba ìwòsàn lọ́dọ̀ Ọlọ́run kì í di ọ̀pá mú lọ́wọ́ kejì. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún mi pé kí n da oògùn nù. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi í pa mọ́ bí ẹni jalè. Bí àlejò bá wà nílé, mi ò ní kán an. Bí a bá lọ sí àìsùn, mi ò ní mú un dání. Bí ọkọ mi bá béèrè, màá ní mo ti kán an. Ìfúnpá ojú kì í jẹ́ kí èèyàn mọ̀ pé ó ti gòkè. Kò sí ìrora, kò sí ojú pípọ́n, kò sí ìkìlọ̀ kankan. Nígbà tí mo fi máa padà sí ọsibítù, ojú òsì ti fẹ́ẹ̀ lọ tán, ojú ọ̀tún tí mo gbójú lé sì ti ń tẹ̀ lé e.

Ẹ gbọ́, Bíbélì tí a jọ ń kà kò mọ ohun tó ń jẹ́ pé oògùn àti àdúrà jẹ́ ọ̀tá. Nígbà tí Hesekáyà ń ṣàìsàn tó fẹ́ pa á, Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà rẹ̀, ó ti rí omijé rẹ̀, ó ti ṣèlérí ọdún 15 fún un. Lẹ́yìn ìlérí yẹn náà ni Aísáyà ní kí wọ́n mú odidi èso ọ̀pọ̀tọ́ wá, wọ́n fi lé oówo tó wà lára rẹ̀, ara rẹ̀ sì yá. Ìlérí wà, èso ọ̀pọ̀tọ́ náà wà. Pọ́ọ̀lù tí wọ́n ń mú aṣọ ìnujú láti ara rẹ̀ lọ fún àwọn aláìsàn tí ara wọn sì ń yá, òun náà ló kọ̀wé sí Tímótì pé kó lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀ àti àìlera rẹ̀ ìgbàkúùgbà. Òun náà ló kọ ọ́, láìbẹ̀bẹ̀, láìṣàlàyé, pé òun fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn. Mo ti ka ẹsẹ yẹn kọjá láìmọye ìgbà kí n tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Àpọ́sítélì tí iṣẹ́ ìyanu ń tọwọ́ rẹ̀ ṣẹlẹ̀ fi alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí àìsàn, kò sì sọ pé ìgbàgbọ́ Tírófímù ló kéré.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò yẹn, mo yí padà sí apá kejì, ibẹ̀ náà kò sì dára. Mo dákẹ́ àdúrà. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ara mi, màá ní, "Ìfẹ́ Ọlọ́run ni." Àwọn èèyàn ń yìn mí pé mo ní ìgbàgbọ́. Pásítọ̀ tilẹ̀ fi mí ṣe àpẹẹrẹ. Bẹ́ẹ̀, inú mi ti di òkúta. Mi ò lè kọ orin ìyìn kan dópin. Bí àwọn ọmọ bá ń rẹ́rìn-ín ní pálọ̀, ó ń bí mi nínú. Mo ń fi ọ̀rọ̀ "ìfẹ́ Ọlọ́run" ti ilẹ̀kùn mọ́ Ọlọ́run fúnra rẹ̀, kó má baà wọlé bá mi sọ̀rọ̀.

Láti kékeré la ti ń gbọ́ pé àyànmọ́ ò gbóògùn. Ohun tí mo ń pè ní ìtẹ́lọ́rùn kò ju ìyẹn lọ: ohun tó máa ṣẹlẹ̀ á ṣẹlẹ̀, kí èèyàn káwọ́ gbera. Àyànmọ́ kò ní ojú, kò ní etí, èèyàn kò lè sunkún sí i lára. Ìfẹ́ Ọlọ́run tí Jésù tẹrí ba fún nínú ọgbà Getisémánì kò rí bẹ́ẹ̀. "Baba" ló kọ́kọ́ pe ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó sọ ohun tó fẹ́ gan-an, pé kí ago náà kọjá. Òógùn rẹ̀ ń kán bí ẹ̀jẹ̀. Mátíù ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló padà lọ gba àdúrà kan náà. Ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni ó dìde lọ bá àwọn tó wá mú un. Ẹni tó bá sọ fún yín pé Kristẹni tó ní ìtẹ́lọ́rùn kì í sunkún, ẹ bi í pé ta ló wà nínú ọgbà yẹn.

Ọmọ mi obìnrin ló ń kà Bíbélì sí mi létí ní àsìkò tí ojú máa ń rẹ̀ mí lálẹ́. A wà nínú Ẹ́kísódù. Ó dé orí 4, níbi tí Mósè ti ń sọ pé òun kì í ṣe ẹni tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Ó ka èsì Ọlọ́run: "Ta ni ó dá ẹnu ènìyàn? tàbí ta ni ó dá odi, tàbí adití, tàbí aríran, tàbí afọ́jú? Èmi OLÚWA ha kọ́?" Mo ní kó dúró. Inú bí mi. Mo ti ń dá èṣù lẹ́bi, mo ti ń dá ara mi lẹ́bi, mo ti ń dá ẹbí lẹ́bi, Ọlọ́run nìkan ni mo ń yọ sílẹ̀, nítorí mo rò pé mò ń bá a gbèjà orúkọ rẹ̀. Ẹsẹ yìí kò jẹ́ kí n yọ ọ́ sílẹ̀ mọ́. Ó ní òun ló wà nídìí ẹ̀.

Mo bá ẹsẹ yẹn jà fún ìgbà pípẹ́. Mo bá pásítọ̀ wa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, wọn kò sì yára dá mi lóhùn, mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni mo rí ibi tí ẹsẹ náà ń mú mi lọ. Bí ojú mi bá lọ láìjẹ́ pé Ọlọ́run mọ̀ sí i, a jẹ́ pé òun náà ń wòran ni bíi tèmi, kí ni mo fẹ́ máa tọrọ lọ́wọ́ ẹni tí nǹkan ti bọ́ mọ́ lọ́wọ́? Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ bá wà níbẹ̀, ọwọ́ tó wà níbẹ̀ yẹn náà ni wọ́n kàn mọ́ igi. Mo mọ ọwọ́ yẹn. Mi ò mọ ìdí tó fi ṣe é, títí di òní mi ò mọ̀ ọ́n. Diutarónómì 29:29 ní ohun ìkọ̀kọ̀ jẹ́ ti OLÚWA Ọlọ́run wa, èyí tí a fihàn ló jẹ́ tiwa àti ti àwọn ọmọ wa. Mo ti sapá púpọ̀ jù nínú ilé tí kì í ṣe tèmi, mo ń wá ìdáhùn tí wọn kò gbé síbẹ̀ fún mi.

Èyí kò sọ ìrora di ohun rere o. Jósẹ́fù kò sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ohun tí wọ́n ṣe dára. Ó ní ibi ni wọ́n rò sí òun, Ọlọ́run ló rò ó sí rere. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló fi gbé méjèèjì jáde, kò fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́. Ẹni ọdún 17 ni Bíbélì pè é nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹni ọdún 30 ni nígbà tó dúró níwájú Fáráò. Nínú gbogbo ọdún tó wà láàárín, a kò rí ibi kankan tí Ọlọ́run ti yọ sí i láti ṣàlàyé ohun tó ń ṣe. Ohun tí Bíbélì kàn ń sọ ni pé OLÚWA wà pẹ̀lú rẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n ṣe iṣẹ́ abẹ sí ojú ọ̀tún. Iṣẹ́ abẹ yẹn kì í jẹ́ kí ojú ríran ju bó ṣe ń ríran lọ. Ọ̀nà ni wọ́n ń là fún omi inú ojú láti máa jáde kí ìfúnpá lè wálẹ̀. Mo mọ ìyẹn, dókítà ti ṣàlàyé ẹ̀. Síbẹ̀, mo mọ̀ pé ọkàn mi ṣì ń retí pé wọ́n á ṣí báńdéèjì, gbogbo nǹkan á sì mọ́ kedere. Lóru tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ náà, mo ka ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta tó dúró níwájú iná ìléru. Wọ́n ní Ọlọ́run tí àwọn ń sìn lè gba àwọn. Wọ́n wá ní, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó yé ọba pé àwọn kò ní sin òrìṣà rẹ̀. Mo gbìyànjú láti fi ẹnu ara mi sọ ọ́. "Olúwa, o lè la ojú mi. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́..." Mi ò lè parí rẹ̀ lóru yẹn. Mo ń sunkún sùn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo ṣe iṣẹ́ abẹ náà láìtíì parí àdúrà yẹn, Ọlọ́run kò sì torí ẹ̀ kọ̀ mí.

Ìfúnpá wálẹ̀. Ìríran wà níbi tó wà.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni arábìnrin kan jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé wọ́n yọ ara funfun tó bo ojú òun, òun sì ń ríran kedere. Àìsàn tiẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi, èyí tó bá bo ojú báyẹn ṣeé yọ, kí ìríran sì padà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú orí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo ìjọ ń ṣàtẹ́wọ́, ìlara mú mi débi pé mo jáde síta. Ìlara kì í ṣe ohun tí mo rò pé mo ní. Ohun tó bá mi wí ni ìparí ìwé Jòhánù. Jésù ti sọ irú ikú tí Pétérù máa kú fún un, Pétérù bojú wẹ̀yìn, ó rí Jòhánù, ó ní, Olúwa, ti ọkùnrin yìí ńkọ́? Jésù ní bí òun bá fẹ́ kó dúró títí òun á fi dé, kí ni ìyẹn jẹ́ sí Pétérù? "Ìwọ máa tọ̀ mí lẹ́yìn." Nínú Ìṣe orí 12 pẹ̀lú, Hẹ́rọ́dù fi idà pa Jákọ́bù, áńgẹ́lì sì yọ Pétérù jáde nínú ẹ̀wọ̀n, nínú orí kan náà. Kò sí ẹsẹ tó sọ pé Ọlọ́run fẹ́ràn ọ̀kan ju èkejì lọ. Mo padà lọ kí arábìnrin náà lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo sì bá a yọ̀. Kò rọrùn. Àmọ́ mo rí i pé bí mo bá dúpẹ́ pẹ̀lú ẹlòmíràn lórí ohun tí a kò fún mi, ìkórò inú mi máa ń rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú ohun tó ràn mí lọ́wọ́ gan-an, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn, mi ò rí ẹni sọ fún mi.

Mo yọ kàlẹ́ńdà yẹn kúrò lára ògiri. Dókítà ló ń yẹ ojú mi wò báyìí, nígbà tó bá yẹ, èmi kì í yẹ ẹ́ wò láàárọ̀ mọ́. Bí àdúrà yín bá jẹ mọ́ ohun mìíràn, ẹ̀yin náà á ní kàlẹ́ńdà tiyín, ohun tí ẹ ń lọ wò lójoojúmọ́ kí ẹ tó pinnu bóyá Ọlọ́run dára. Ẹ wá a, kí ẹ yọ ọ́.

Oògùn ojú ni mo so àdúrà mi mọ́. Nọ́ọ̀sì kan ló kọ́ mi pé bí mo bá ti kán ẹ̀kán kan, kí n rọra pa ojú dé, kí n fi ìka tẹ ìkangun ojú níbi tó sún mọ́ imú fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí oògùn má baà ṣàn lọ sínú imú àti ọ̀fun. Bí oògùn bá jẹ́ oríṣi méjì, kí wọ́n fi bí ìṣẹ́jú 5 síra wọn, kí èkejì má ṣe fọ èkíní dànù. Nínú ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn, mi ò lè ṣe iṣẹ́ kankan, mi ò lè wo nǹkan kan. Sáàmù 13 ni mo fi ń kún un ní ìbẹ̀rẹ̀, torí pé "Yóò ti pẹ́ tó, Olúwa?" ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sì bẹ Ọlọ́run pé kó fi ìmọ́lẹ̀ sí ojú òun. Ohun tí mo ń fi pa mọ́ fáwọn èèyàn tẹ́lẹ̀ ti di ibi tí mo ti ń gbàdúrà láàárọ̀ àti lálẹ́.

Mo tún kọ́ láti má ṣe tọrọ oore-ọ̀fẹ́ ọdún tó ń bọ̀. Ohun tó máa ń dẹ́rù bà mí jù ni èrò ọjọ́ tí màá ṣókùnkùn pátápátá. Nínú aginjù, mánà ọ̀la tí wọ́n bá kó pa mọ́ máa ń yọ ìdin ni, àfi èyí tí wọ́n kó sílẹ̀ de Sábáàtì. Oore-ọ̀fẹ́ tí màá fi jẹ́ afọ́jú, bó bá dé bẹ́ẹ̀, wọn kò tíì fún mi nítorí mi ò tíì nílò rẹ̀. Tòní ló wà lọ́wọ́ mi, ó sì tó.

Iṣẹ́ kò padà. Mi ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi fún ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ọjọ́ tí wọ́n wá gbé e, mo wọ yàrá lọ kí n má baà rí i. Àwọn kan ní Ọlọ́run gba èyí kó lè fún mi ní ohun tó dára jù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó lè máà rí bẹ́ẹ̀ láyé yìí. Hébérù orí 11 sọ nípa àwọn tí a jẹ́rìí rere sí nípa ìgbàgbọ́ tí wọn kò sì rí ìlérí náà gbà. Pọ́ọ̀lù tó ní òun ti kọ́ láti ní ìtẹ́lọ́rùn ní ipòkípò wà nínú ìdè nígbà tó kọ ọ́ sí àwọn ará Fílípì, a kò sì bí i mọ́ ọn. Èmi náà ṣì ń kọ́ ọ ni. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo mọ̀ ọ́n, àwọn ọjọ́ kan wà tí mo gbàgbé gbogbo rẹ̀, tí ọkọ mi á jókòó tì mí títí á fi kọjá.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ṣèbẹ̀wò. Alàgbà kan wá sọ́dọ̀ wa lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Wọn kò sọ ìdí tí nǹkan fi ṣẹlẹ̀. Wọ́n bi mí pé aago mélòó ni mo ń kán oògùn, wọ́n dúró dìgbà yẹn, wọ́n bá mi wo aago kí ìṣẹ́jú 5 pé, wọ́n ka sáàmù kan, wọ́n lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù náà ṣe dáadáa fún ọjọ́ méje tí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ka Romu 8:28, pé ohun gbogbo ń ṣiṣẹ́ pọ̀ sí rere fún àwọn tó fẹ́ràn Ọlọ́run, sí aláìsàn létí kí ẹ tó bá a sunkún. Òtítọ́ ni ẹsẹ yẹn, orí rẹ̀ ni mo ń gbé, àmọ́ orí kan náà ló sọ ṣáájú pé àwa tìkára wa ń kérora nínú ara wa, pé Ẹ̀mí pàápàá ń fi ìrora tí a kò lè fẹnu sọ bẹ̀bẹ̀ fún wa.

Àwọn àbúrò mi ti lọ yẹ ojú wò. Ó gba ẹ̀bẹ̀, torí ọ̀kan nínú wọn ń ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ojú mi dáa, mo ń ríran kedere." Mo ní èmi náà ń ríran kedere nígbà yẹn. Wọ́n bá ìfúnpá tó ga lójú rẹ̀, kò tíì ba nǹkan kan jẹ́. Ó ń kán oògùn rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ẹ̀yin tí ẹnì kan nínú ẹbí yín ní àrùn yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá rí àmì.

Ní tèmi, mo ti parí àdúrà tí mi ò lè parí lóru ọjọ́ yẹn, mo sì máa ń tún un parí nígbà tó bá tú. Mo ṣì ń tọrọ ojú mi pẹ̀lú. Nígbà tí Mósè bẹ̀bẹ̀ láti wọ Kénáánì, Ọlọ́run sọ fún un kedere pé, "Ó tó gẹ́ẹ́; má ṣe tún bá mi sọ ọ̀rọ̀ yìí mọ́." Ó sọ fún Pọ́ọ̀lù pé oore-ọ̀fẹ́ òun tó fún un. Èyí tó sọ fún Pọ́ọ̀lù ti dé etí mi, mo sì gbà á. Èyí tó sọ fún Mósè, mi ò tíì gbọ́ ọ, nítorí náà mo ṣì ń béèrè lálẹ́, lẹ́yìn ẹ̀kán kejì, kí n tó sùn.